Ṣé o mọ̀? Ọdún mẹ́rin tó yẹ ká fi ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ní Down syndrome

Ṣé o mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì tó jọ ti jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ gẹ́lẹ́ lè bá ọmọ wáyé, kí gbogbo rẹ̀ sì pòórá fúnra rẹ̀ kí ọmọ náà tó pé oṣù mẹ́ta, láìlo oògùn kankan? Àwọn ọmọ tó ní Down syndrome ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí. TAM ni àwọn dókítà ń pè é.

Ṣé o mọ̀ pé pípòórá yẹn kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn? Nínú ọmọ 10 tí TAM mú, méjì sí mẹ́ta ni jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ gidi máa ń padà dé bá. Kì í sì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá dàgbà ló máa ń dé. Kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́rin ni. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ogun yìí sì ti sọ ọjọ́ tó ń bọ̀ fún wa.

Àwọn ará Ọ̀jọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù: ẹ̀yin ìyàwó sójà inú Cantonment, ẹ̀yin tó ń tajà ní Mammy Market, ẹ̀yin ará Ìbà àti Okokomaiko. Àwọn ọmọ yìí wà láàárín wa. A ń rí wọn lẹ́yìn ìyá wọn nínú kẹ̀kẹ́ Máruwá ní Ìyànà-Ìbà, a ń rí wọn lórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lórí ẹní ní mọ́ṣáláṣí. Aládùúgbò á sọ̀rọ̀ nípa ojú wọn, á ní wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó rìn, á ní ahọ́n wọn wúwo. Ẹ̀jẹ̀ wọn ni kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu tí a lè tètè rí wà.

Ṣé o mọ̀ pé Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣírò iye àwọn ọmọ yìí nílẹ̀ wa? Ní ọdún 1982, Adeyokunnu, dókítà ọmọdé ní ilé ìwòsàn UCH níbẹ̀, tẹ ìwádìí ọdún mẹ́sàn-án jáde. Ohun tó rí ni pé ọmọ kan nínú 865 tí wọ́n bí láàyè ló ní Down syndrome. Kí ìwádìí bẹ́ẹ̀ tó wà, àwọn òyìnbó kan ti ń kọ ọ́ pé kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn dúdú. Irọ́ ni. Àwa náà ń bí wọn bí gbogbo ayé ṣe ń bí wọn.

Ṣé o mọ ibi tí orúkọ náà, Down syndrome, ti wá? John Langdon Down, dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàpèjúwe àwọn ọmọ yìí ní ọdún 1866. Orúkọ tí òun fún wọn bu ẹ̀yà àwọn ará Mongolia kù. Orílẹ̀-èdè Mongolia sì bẹ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 1965 pé kí wọ́n pa á tì.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe èèwọ̀ tí ìyá jẹ, kì í sì í ṣe oògùn tó lò nínú oyún ló fà á? Ní Paris, ní ọdún 1959, Jérôme Lejeune, Marthe Gautier àti Raymond Turpin kéde pé krómósóòmù 47 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ yìí dípò 46. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 21, tó yẹ kó jẹ́ méjì, ló di mẹ́ta. Ọjọ́ orí ìyá ń dá kún un: ní ẹni 20 ọdún, bíi oyún kan nínú 1,500, ní ẹni 40 ọdún, bíi ọ̀kan nínú 100. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ni ìyá wọn kò tíì pé 35, nítorí àwọn ọ̀dọ́ obìnrin ló ń bímọ jù. Kí ìyá ọkọ má fi ọjọ́ orí bú ìyàwó.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ìdí ọ̀rọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé láti ọdún 1930 ni àwọn dókítà ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mú ọmọ tó ní Down syndrome? Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó lè fi òǹkà tó dájú sọ bí ewu náà ṣe pọ̀ tó. Orílẹ̀-èdè Denmark ló ṣe é, nítorí wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní Down syndrome sílẹ̀, wọ́n sì ń kọ ti gbogbo ẹni tí jẹjẹrẹ mú. Ní ọdún 2000, Henrik Hasle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwé méjèèjì wé ara wọn lórí ènìyàn 2,814. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mú wọn ní bíi ìlọ́po 18 ju bó ṣe ń mú àwọn yòókù lọ. Nínú àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó lé ní ìlọ́po 50. Irú kan tún wà nínú rẹ̀, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe platelet, ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú egbò: ìlọ́po 500 ni àwọn onímọ̀ máa ń sọ fún ìyẹn.

Má jẹ́ kí ìlọ́po dẹ́rù bà ọ́ kọjá bó ṣe yẹ. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kò wọ́pọ̀ láàárín ọmọdé tẹ́lẹ̀, nítorí náà ìlọ́po ohun tó kéré ṣì lè kéré. Òǹkà tó yẹ kí ìyá fi sọ́kàn nìyí, láti inú ìwádìí Denmark kan náà: nínú ọmọ 100 tó ní Down syndrome, bíi méjì ni jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ máa mú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Àwọn 98 kò ní rí i. Tí a bá wá ka gbogbo wọn títí dé ẹni 30 ọdún, iye náà kò ju 2.7 nínú 100 lọ. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo àwọn tí yóò mú kí wọ́n tó pé 30, ó ju mẹ́ta lọ nínú mẹ́rin tó jẹ́ pé kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún ló ti mú wọn.

Tún òǹkà náà wò nílé. Àwa ní Nàìjíríà ń bí ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù 7 lọ́dún. Pín in sí 865, ọmọ tó ní Down syndrome á lé ní 8,000. Tí méjì nínú 100 bá rí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún, ó lé ní 160 ọmọ nínú àwọn tí a bí lọ́dún kan ṣoṣo. Mélòó nínú wọn ló dé ọ̀dọ̀ dókítà tó mọ̀ ọ́n? Mélòó ni wọ́n sin tí àwọn ènìyàn ní ibà ló pa wọ́n? Ìbéèrè kejì yìí ló mú mi kọ̀wé.

Ṣé o mọ̀ pé irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ìgbà tirẹ̀? Èyí tó tan mọ́ TAM, ìgbà tí ọmọ bá wà láàárín ọdún kan sí mẹ́rin ló máa ń dé, pàápàá bí ọmọ bá ń sún mọ́ ọdún méjì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Èkejì ni èyí tó ń mú gbogbo ọmọdé, tí wọ́n ń pè ní ALL. Ìyẹn kì í sábà mú ọmọ tó ní Down syndrome tí kò tíì pé ọdún kan. Láti bíi ọmọ ọdún méjì lọ ló ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè dé bá ẹni tó ti ń lọ sí ilé ìwé.

Ṣé o mọ ìdí tí ti àkọ́kọ́ fi ń bá ìgbà rìn? Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó yé ènìyàn bí ìtàn. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀ fún un. Tí a bá ti bí i, mùdùnmúdùn inú egungun á gba iṣẹ́ náà. Krómósóòmù 21 tó lé kan yẹn ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ ọmọ inú oyún máa pọ̀ ju bó ṣe yẹ. Nínú pípọ̀ yẹn, jíìnì kan tó ń jẹ́ GATA1 lè bàjẹ́ nínú ọ̀kan lára wọn. Ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí èyí. Sẹ́ẹ̀lì tí GATA1 rẹ̀ bàjẹ́ kò mọ bí a ṣe ń dàgbà mọ́, pípọ̀ sí i nìkan ló mọ̀. Òun ni TAM.

Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e. Gbìn ín síbi tómi wà, á yọ bí igbó. Jẹ́ kí omi ibẹ̀ gbẹ, á rọ. Ẹ̀dọ̀ ọmọ inú oyún ni àkùrọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì TAM. Bí ọmọ bá ti dáyé, tí ẹ̀dọ̀ fi iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àkùrọ̀ ti gbẹ nìyẹn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àmọ́ díẹ̀ lè sá pamọ́. Tí ìbàjẹ́ mìíràn bá tún ba jíìnì ọ̀kan nínú àwọn tó sá pamọ́ yẹn, ó ti kọ́ bí a ṣe ń hù lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ìyẹn ló ń padà wá ní ọmọ ọdún kan, ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Tí kò bá sì sí ìbàjẹ́ kejì, wọ́n á tán pátápátá. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó bá ti kọjá ọdún mẹ́rin fi lè simi nínú èyí.

Ṣé o mọ̀ pé TAM pọ̀ ju bí ojú ṣe ń rí i lọ? Ọmọ márùn-ún sí mẹ́wàá nínú 100 tó ní Down syndrome ni TAM máa ń hàn lára wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀rọ tó ń ka jíìnì yẹ ẹ̀jẹ̀ ìkókó 200 tó ní Down syndrome wò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta nínú mẹ́wàá tí GATA1 wọn ti bàjẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní àmì kankan lára.

TAM kì í sì í lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà gbogbo. Ẹ̀dọ̀ ìkókó mìíràn á wú, ojú rẹ̀ á pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú mú, omi á kún ikùn rẹ̀. Àwọn kan máa ń kú. Oògùn cytarabine díẹ̀ kíún ni wọ́n máa ń fi gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tí ojú rẹ̀ kò fi Down syndrome hàn rárá pàápàá lè ní TAM? Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé apá kan péré nínú sẹ́ẹ̀lì wọn ló ní krómósóòmù 21 mẹ́ta. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ ìkókó náà ló ń tú àṣírí.

Ṣé o mọ̀ pé ohun tí wọ́n fi ń mọ TAM kò le? Kí ọmọ tó pé ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò FBC, èyí tó ń ka gbogbo irú sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀, fún un, kí ẹnìkan sì fi ojú ara rẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ náà lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2018 nìyẹn, ti Amẹ́ríkà kò sì yàtọ̀ sí i. Tí wọ́n bá rí TAM, ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n máa tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta títí ọmọ á fi pé ọdún méjì, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà títí á fi pé mẹ́rin.

Mo fẹ́ kí o rí ohun tí oníṣẹ́ láàbù ń ṣe, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ nílẹ̀ wa. Á kán ẹ̀jẹ̀ ẹyọ kan sórí gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́. Á fi etí gíláàsì kejì ti ẹ̀jẹ̀ náà síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á fẹ̀ bí ahọ́n, á fẹ́lẹ́ títí dé ìparí: fíìmù ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Á jẹ́ kó gbẹ, á da aró sí i, á ṣàn án, á wá tẹjú mọ́ ọn. Sẹ́ẹ̀lì pupa á kún ibẹ̀ bí owó wẹ́wẹ́. Láàárín wọn ni sẹ́ẹ̀lì burúkú yẹn á dúró: ó tóbi, ọkàn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún gbogbo inú rẹ̀, etí rẹ̀ sì yọ kókó kókó bí ìgbà tí omi ń hó. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní ṣì í mú. Ẹ̀rọ tó ń tẹ èsì FBC jáde lásán lè kà á mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun yòókù, kó sì kọjá lọ. Nítorí náà, bébà tí ẹ̀rọ tẹ̀ nìkan kò tó. Béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnìkan wo fíìmù ẹ̀jẹ̀ náà?” Kì í ṣe àrífín. Ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ ni.

Ṣé o mọ̀ pé jẹjẹrẹ yìí kì í fi ariwo wọlé? Ẹ wo ọmọ ọdún kan àbọ̀ kan ní bárékè. Ó ti ń gbìyànjú láti dìde dúró, ó tún padà sí jíjókòó. Ara rẹ̀ gbóná lálẹ́, ìyá rẹ̀ lọ ra oògùn màléríà ní kẹ́míìsì. Ara balẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta, ó tún gbóná. Wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ojú abẹ́rẹ́ náà ṣẹ̀jẹ̀ títí ó fi rin aṣọ ìyá rẹ̀. Wọ́n yẹ PCV rẹ̀, ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, wò, ó lọ sílẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo ilé yọ̀. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó tún ti funfun. Kò sẹ́ni tó purọ́ níbẹ̀: ibà pọ̀ lágbègbè wa, ẹni tó bá sì ń rí ibà lójoojúmọ́, ibà ni ojú rẹ̀ ń wá. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí wọ́n ti dúró ni ojú abẹ́rẹ́ tó kọ̀ láti gbẹ. Nínú irú jẹjẹrẹ àkọ́kọ́ tí mo sọ yẹn, platelet lè ti máa dínkù fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì burúkú tó kún ẹ̀jẹ̀. PCV kò lè fi ìyẹn hàn. FBC ló ń fi í hàn.

Ṣé o mọ ibi tó yẹ kí o wò lára ọmọ dúdú? Àmì pupa wínníwínní, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ gún ara káàkiri, kì í tètè hàn lára awọ wa. Gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Wo àtẹ́lẹwọ́. Ká ètè rẹ̀ wò, wo èrìgì. Fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, wò ó bóyá inú rẹ̀ pupa tàbí ó funfun. Fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀ lábẹ́ ìhà méjèèjì nígbà tó bá sùn, bóyá ohun líle kan wà níbẹ̀ tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó ti ń rìn tó wá kọ̀ láti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, má ṣe sọ pé ọ̀lẹ ni. Egungun lè máa dùn ún.

Ṣé o mọ̀ pé jẹjẹrẹ àkọ́kọ́ yìí ṣeé wò, àní ju ti àwọn ọmọ tí kò ní Down syndrome lọ? Ìgbà kan wà tí àwọn dókítà máa ń fà sẹ́yìn láti fún àwọn ọmọ yìí ní ìtọ́jú tó péye, bí ẹni pé ẹ̀mí wọn kò tó ìyọnu náà. Ní ọdún 1992, Ravindranath àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ èsì tiwọn jáde: àwọn ọmọ tó ní Down syndrome tí wọ́n fún ní oògùn ló yè jù. Krómósóòmù tó fa ewu náà ló tún ń mú kí sẹ́ẹ̀lì burúkú náà tètè kú lọ́wọ́ cytarabine. Lónìí, ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ohun èlò wà, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń yè é. Oògùn tí wọ́n ń fún wọn sì kéré sí ti àwọn ọmọ yòókù, nítorí tó bá pọ̀ jù, àkóràn ló máa ń pa wọ́n.

ALL kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Oògùn methotrexate máa ń bó ẹnu wọn àti inú wọn ju ti àwọn ọmọ mìíràn lọ, àkóràn sì tètè ń wọlé sí wọn lára. Ọ̀pọ̀ ló ń yè é síbẹ̀, àmọ́ ó gba dókítà tó mọ̀ pé ọmọ náà ní Down syndrome, tó sì ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru.

Ṣé o mọ̀ pé jẹjẹrẹ tó ń di kókó ṣọ̀wọ́n lára wọn ju lára àwa yòókù lọ? Ìwádìí Denmark yẹn kò rí jẹjẹrẹ ọmú lára ẹyọ obìnrin kan nínú wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ibi tí a bí ọmọ sí ló ń pinnu jù? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ó ju ọmọ 80 lọ nínú 100 tí jẹjẹrẹ mú tó ń yè. Ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, iye náà lè má tó 30. Ní ọdún 2018, wọ́n fi lélẹ̀ pé kó di 60 ó kéré tán kó tó di ọdún 2030. Àìtètè mọ̀ ọ́n wà lára ohun tó ń pa àwọn ọmọ náà, àìlówó sì wà níbẹ̀.

Láti Okokomaiko, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà ni ilé ìwòsàn ńlá tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ ọmọdé. Mo mọ ọ̀nà Badagry, mo mọ bó ṣe ń rí láàárọ̀ kí ènìyàn tó dé Mile 2. Ìyá tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná sẹ́yìn nínú dánfó lójú ọ̀nà yẹn ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ náà tán kó tó débẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ wáyé nítòsí ilé, kó lè jẹ́ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an ló ń rin ìrìn yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé o kò dá wà? Rose Mordi, tí òun náà bí ọmọ tó ní Down syndrome, ló dá Down Syndrome Foundation Nigeria sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2001. Ọjọ́ 21 oṣù kẹta ni gbogbo ayé fi ń rántí àwọn ọmọ yìí: krómósóòmù 21, mẹ́ta.

Tí ọmọ tó ní Down syndrome tí kò tíì pé ọdún márùn-ún bá wà nílé rẹ tàbí ní ojúlé kejì, gbé kádì àjẹsára rẹ̀ jáde lónìí. Kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀: “Ẹ ṣe FBC, ẹ wo fíìmù.” Kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn sí i. Bí ara rẹ̀ bá gbóná lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tètè dá, gbé kádì náà dání, kó o sì sọ fún dókítà kó tó fọwọ́ kan oògùn ibà: “Ọmọ yìí ní Down syndrome, kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.”